Bí Mo Ṣe Di Ẹni Àìrí ní Ìlú Kòsótòṣì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yin tí oòrùn ń pa lọ́hùn-ún, ẹ bọ́ sábẹ́ igi fúrúùtù yìí, ibòji rẹ̀ tó gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ ká ohùn mi sínú fóònù rẹ̀, kó ká a, ṣùgbọ́n kó má fi fóònù náà bo ojú rẹ̀, nítorí mo fẹ́ máa rí ojú yín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Akínyọdé. Èmi ni mo pa ẹkùn mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo sì tún délé kí oúnjẹ ọ̀sán mi tó tutù. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi àwọn ẹkùn náà.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ojú mi ṣì mú, eékún mi kò sì tíì máa dún bó ṣe ń dún nísinsìnyí. Mo jí ní òwúrọ̀ kan, mo jẹ ẹ̀kọ, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ igbó. Kò pẹ́ tí mo fi rí ẹfọ̀n kan tó ga tó ilé. Mo yìnbọn fún un. Ẹfọ̀n náà yí orí padà, ó wo ibi tí ọta ti bà á, ó wo ojú mi, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi sú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo tẹ̀lé e. Ọjọ́ méje ni mo fi tẹ̀lé e, títí mo fi bá ara mi nínú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Igbó Akẹ̀yìndà, níbi tí gbogbo igi ti ń kẹ̀yìn sí èèyàn. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ẹ̀yìn igi. Ẹni tí igi bá kẹ̀yìn sí á mọ̀.

Ibẹ̀ ni ẹfọ̀n náà ti pòórá mọ́ mi lójú, ibẹ̀ náà ni mo sì ti pàdé iwin kan tó jókòó lórí òkìtì ọ̀gán. Ó yọ orí ara rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sínú agbọ̀n, ó gbé agbọ̀n náà lé itan, orí náà sì ń wò mí. Mo kí i. Mo ní kó kúrò lọ́nà. Ó ní òun kò ní í kúrò. Ni a bá wọ ìjàkadì. A jà títí oòrùn fi kàn wá látàrí. Mo gbé e ṣánlẹ̀ nígbà mọ́kàndínlógún, òun náà sì gbé mi ṣánlẹ̀ nígbà díẹ̀ tí mi ò kà. Nígbà tó rẹ àwa méjèèjì, a jókòó.

Orí inú agbọ̀n wá sọ̀rọ̀, ó ní, "Ta ni ọ́?"

Mo dìde dúró, mo wú àyà, mo ní, "Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Akínyọdé tó fi ọwọ́ òsì di ìrù erin mú, tó ní kó dúró, tí erin sì dúró. Èmi tí ẹranko ń gbóòórùn mi lókèèrè tí wọ́n ń pín ogún ara wọn sílẹ̀. Èmi ọkọ Ṣínmisọ́lá, èmi bàbá ọmọ mẹ́jọ, èmi..."

Iwin ní, "O ti sọ orúkọ rẹ tán?"

Mo ní, "Mi ò tíì sọ ìdajì."

Ó ní, "Ó tó. Èmi kò bi ọ́ ní ohun tí o pa. Bí òjò bá ká ọ mọ́ ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́, kí lo máa sọ tí wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn fún ọ?"

Mo ní, "Màá sọ orúkọ mi."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fi yí jáde nínú agbọ̀n, tó ń yí lọ sísàlẹ̀. Èmi ni mo sáré bá a gbé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní imú rẹ̀, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà kan tó ń dán. Ó ní, "Máa lọ. Ìlú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

Ọ̀nà náà gbé mi dé ẹnu ibodè ńlá kan. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà sókè pé: KÒSÓTÒṢÌ. ÌLÚ TÍ ÒTÒṢÌ KÒ SÍ. Ẹ wò ó, mo ti rin ìlú púpọ̀. Mo ti dé ìlú tí àwọn ewúrẹ́ ti ń ṣe onídàájọ́, ìdájọ́ wọn kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìlú tí òtòṣì kò sí, n kò tíì dé irú rẹ̀ rí. Mo ní màá wọlé, màá wo bí wọ́n ṣe ṣe é, màá sì wá sọ fún yín.

Irin ńlá kan ló wà lẹ́nu ibodè, ó ga, ó ń dán, iná kékeré kan sì ń ṣẹ́jú níwájú orí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Amènìyàn. Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé mi láyà."

Mo gbé e lé e.

Ó ní, "Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé mi láyà."

Mo ní, "Mo ti gbé e lé e."

Ẹ wò ó, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìbọn bú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí mi, ẹ̀tù sì jó gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀. Ó dán bí àwo. Mo gbé ọwọ́ kejì lé e. Bákan náà ni. Amènìyàn wá ní, "Kò sí ẹnikẹ́ni níbí." Iná iwájú orí rẹ̀ sì kú.

Ọkọ̀ kan tó kó iṣu, tí kò ní awakọ̀, ló dé lẹ́yìn mi. Ibodè ṣí fún iṣu. Mo tẹ̀lé iṣu wọlé. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìlú náà rẹwà, mi ò ní í purọ́. Kò sí ìdọ̀tí, kò sí koto, ilé wọn funfun báláú. Gbogbo èèyàn, àtàgbà àtọmọdé, ló wọ awò sójú, apá awò náà sì gùn, ó wọnú etí wọn. Mo kí ọkùnrin àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán o." Ó rìn wá, ó kọlù mí, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó wo ilẹ̀ bóyá òkúta ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo kí obìnrin kan. Ó kọjá. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi bí mo ṣe ki ara mi fún iwin. Nígbà tí mo dé ibi erin, obìnrin kan gbé àga rẹ̀ wá, ó gbé e lé ẹsẹ̀ mi, ó jókòó, ó ń gba atẹ́gùn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó wúwo.

Ebi ń pa mí. Mo mú bọ̀ọ̀lì kan lórí àwo obìnrin tó ń tà á. Ó wo àwo náà, ó ní, "Ọ̀kan ti jábọ́," ó sì fi òmíràn dí àyè rẹ̀. Ojú tì mí. Èmi Ọdẹ́jìnmí, mo ti jí akẹtẹ̀ lórí àǹjọ̀nnú rí, ojú kò tì mí, ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀lì yẹn, mo dá a padà.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ má da ara yín láàmú. Wọn ò rí yín. Ẹ máa bọ̀ níbí."

Obìnrin kan ló jókòó sábẹ́ igbátí òrùlé ilé aláwọ̀ funfun kan, ó tẹ́ ẹní, ó to ìkòkò mẹ́ta síwájú. Òun nìkan ni kò wọ awò nínú gbogbo èèyàn tí mo ti rí. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ó jù mí lọ ní ọdún bíi mẹ́wàá. Orúkọ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró. Ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, ìyá. Ilé ta ni a wà níta rẹ̀ yìí?"

Ó ní, "Ilé mi ni."

Mo wo ilé náà. Mo wo ẹní náà. Mo ní, "Ẹ sì ń gbé ìta rẹ̀?"

Ó ní, "Ilẹ̀kùn kò mọ̀ mí."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Ó dán bí tèmi. Amọ̀kòkò ni. Ogójì ọdún ló fi mọ ìkòkò fún ìlú náà, amọ̀ sì ti yún gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán.

Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Ó ní láyé àtijọ́, òtòṣì wà ní ìlú àwọn, gbogbo agbo ilé ló sì ń ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò ní ilé. Iṣẹ́ ni. Èèyàn á wá, á máa húkọ́, á máa sọ̀rọ̀, á béèrè omi gbígbóná. Ó sú àwọn ará ìlú. Ni wọ́n bá ra Amènìyàn pé kó máa bá àwọn ṣàánú.

Ó ní, "Mi ò ní í bú u, bàbá ọdẹ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ṣe dáadáa. Oúnjẹ kì í pẹ́. Kò sí olóyè tó ń jí i kó. Àwọn awò tí ẹ rí yẹn, nítorí kí èèyàn lè mọ ẹni tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ẹ bá wo ẹnì kan, awò á sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, á sọ ohun tó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí Amènìyàn kò bá lè ka ọwọ́ rẹ̀, awò kì í fi í hàn. Wọ́n á wo ibi tó wà, ògiri ni wọ́n á rí. Bó bá sọ̀rọ̀, apá awò ti dí wọn létí. Nígbà tó yá, Kábíyèsí bi Amènìyàn pé òtòṣì mélòó ló kù. Ó ní kò sí. Wọ́n jó fún ọjọ́ mẹ́ta."

Mo ní, "Àwọn wo ni kò rí?"

Ó ní, "Àwa tí iṣẹ́ ti jẹ ọwọ́ wa. Amọ̀kòkò, alágbàfọ̀, àwọn tó ń fọ́ òkúta. Bíríkìlà ni ọkọ mi yìí, Lámídì. Sìmẹ́ǹtì ló jẹ tirẹ̀. Ìdajì ilé tí ẹ rí ní ìlú yìí, òun ló kọ́ ọ."

Lámídì gbé orí sókè, ó ní, "Ó lé ní ìdajì." Ó sì gbé orí lélẹ̀ padà.

Mo ní, "Kí wá ni ẹ ń jẹ?"

Àwẹ̀ró ní, "Bí ẹnì kan bá kú, orúkọ rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú Amènìyàn. Oúnjẹ òkú náà á ṣì máa wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Òun là ń jẹ." Ó ṣí ìkòkò kan, ó bu ẹ̀bà fún mi. "Ti bàbá kan tó ń jẹ́ Olúmúyìídé nìyí. Èèyàn dáadáa ni. Ẹ jẹun."

Mo jẹun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúmúyìídé.

Nígbà tí mo jẹ tán, mo ṣí aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ Lámídì. Ìṣó ti gún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ti dúdú, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Mo ti rí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi, mo sì mọ ibi tó máa ń já sí. Mo ní, "Ṣé kò sí ọsibítù ní ìlú yìí ni?"

Àwẹ̀ró ní, "Ó wà. Ó tóbi. Lámídì ló kọ́ ọ." Ó fi ìdérí dé ìkòkò náà. Ó ní, "Mo ti gbé e lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá ọdẹ, mo ti kígbe títí ohùn mi fi lọ. Wọ́n ń rìn kọjá lára wa."

Mo ní, "Wọn ò tíì rí èmi ni." Mo gbé Lámídì pọ̀n.

Ilẹ̀kùn ọsibítù kọ̀ wá bí ibodè ṣe kọ̀ mí, ṣùgbọ́n a dúró títí ẹnì kan tó ní ìlà ọwọ́ fi dé, a sì tẹ̀lé e wọlé. Inú yàrá ńlá kan ni a dé, ìbùsùn tó lé ní ogún ló wà níbẹ̀, mẹ́rin péré ni èèyàn wà lórí rẹ̀. Mo tẹ́ Lámídì sórí ọ̀kan. Mo pe àwọn nọ́ọ̀sì. Wọn ò gbọ́. Mo ké ramúramù bí kìnnìún. Mo gun orí tábìlì, mo jó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò ran nǹkan, mo kọjú ìbọn sí òrùlé, mo yìn ín. Ìrọ́kẹ̀kẹ̀ ńlá ni. Ẹfun já láti òkè.

Nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ gbọn orí, ó ní, "Ẹ̀rọ atẹ́gùn yìí ti fẹ́ bàjẹ́ o." Èkejì ní, "Màá sọ fún wọn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní akọni. Mo ti wọ ihò ejò rí, mo ti sùn lẹ́nu ọ̀nì rí. N kò tíì nímọ̀lára pé n kò já mọ́ nǹkan kan bí ọjọ́ náà. Àwẹ̀ró jókòó sétí ìbùsùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọkọ rẹ̀ lójú. Kò sunkún. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ilé kan tí wọ́n jọ gbé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

Nọ́ọ̀sì tó kéré jù nínú wọn ló wà nídìí ìkòkò omi gbígbóná, ó ń bọ àwọn ọ̀bẹ. Mojírọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Balógun ìlú náà ni. Ooru omi bo awò rẹ̀, kò ríran mọ́. Ó yọ awò náà pé kí òun nù ún, ó sì gbójú sókè.

Ó rí ọkùnrin kan tó gbé ìbọn dání, tí ẹfun bo orí rẹ̀.

Ó wọ awò padà. Ó yọ ọ́. Ó tún wọ̀ ọ́. Nígbà kẹta tó yọ ọ́, ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?"

Mo ní, "Kò sẹ́nikẹ́ni."

Ó wo Àwẹ̀ró, ó wo Lámídì, ó rí ẹsẹ̀ náà. Ó sún mọ́ wọn, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, láti ìgbà wo?"

Àwẹ̀ró ní, "Ẹsẹ̀ yìí, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa fúnra wa, ó di ọdún mẹ́fà."

Ọmọ náà bo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ti wá síbí rí?"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé àtẹ oògùn lé mi lórí. Ẹ rò pé tábìlì ni."

Mojírọ́lá dìde. Ó gbé omi, ó gbé ọ̀bẹ, ó gbé oògùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ egbò náà. Kò pẹ́ tí ohùn dídùn Amènìyàn fi jáde láti inú ògiri.

"Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá, orí ìbùsùn òfìfo ni ẹ ń fọ egbò sí."

Ó ní, "Mo gbọ́."

"Ẹ ń fi oògùn ṣòfò lórí ẹni tí kò sí."

Ó ní, "Ẹni tí kò sí náà ń jẹ̀rora. Jẹ́ kí n ráyè."

Ó pe dókítà kan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ awò ojú dókítà náà. Dókítà náà kígbe, ó jókòó, ó mumi, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà ti pẹ́ jù. Wọ́n gé e láti orúnkún. Àwẹ̀ró ló di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú títí wọ́n fi ṣe é tán.

Ní ọjọ́ kẹta, Kábíyèsí ránṣẹ́ pe Mojírọ́lá pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀, nítorí Amènìyàn ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwẹ̀ró ti lọ káàkiri abẹ́ igbátí gbogbo ìlú, ó sọ fún gbogbo àwọn tí ilẹ̀kùn kò mọ̀ pé ọmọ kan wà tó rí wa, wọ́n sì fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n wá. Mo gbìyànjú láti kà wọ́n, mo kà dé ọ̀ọ́dúnrún, mo ṣìnà. Alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, afọ́kúta wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó pọn ọmọ wà níbẹ̀. Mo pọn Lámídì. A wọ ààfin lọ́sàn-án gangan, a jókòó síbi gbogbo tí àyè wà, láàárín àwọn ìjòyè, lábẹ́ ẹsẹ̀ ìtẹ́. Àwọn ìjòyè ń sọ pé ooru pọ̀ lónìí.

Kábíyèsí jókòó, awò wúrà wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Amènìyàn, ǹjẹ́ òtòṣì wà ní ìlú mi?"

Amènìyàn ní, "Kò sí, Kábíyèsí."

Ó ní, "Mojírọ́lá, o gbọ́?"

Mojírọ́lá kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mo gbọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ awò yín. Kó má ju ìgbà tí èèyàn fi ń bó ọsàn kan lọ. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ fi mí ṣe é."

Wọ́n kùn hùnhùn. Wọn kò gbọdọ̀ yọ awò níwájú ọba, òfin ni. Kábíyèsí ní òun kò fẹ́ ìjà. Ó ní kí ọmọ náà tọrọ àforíjì, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mojírọ́lá ní òun kò ní ohun tí òun ń tọrọ àforíjì lé lórí. Kábíyèsí wá ní, "Ó dára. Amènìyàn, pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Ohun tí mo rí nìyí, ojú mi ló ṣe. Ọmọ náà wà níbi tó kúnlẹ̀ sí, kò mira. Ṣùgbọ́n gbogbo ààfin ta gìrì, nítorí lójú tiwọn, ó ti pòórá.

Balógun, bàbá rẹ̀, wà láàárín àwọn ìjòyè. Ọkùnrin ràbàtà ni, ó ti jagun. Láti àárọ̀ ni ojú ti ń tì í pé ọmọ òun ló wà níwájú ọba. Ó dìde. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ní, "Mojí?" Ọmọ náà ní, "Mo wà níbí, bàbá mi." Kò gbọ́. Ó tún ní, "Mojí? Níbo lo wà? Mojírọ́lá!"

Ó fa awò náà yọ, ó sọ ọ́ nù, ó sì rí ọmọ rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì síwájú rẹ̀. Ó sáré gbá a mọ́ra. Ìgbà tó gbójú sókè lórí èjìká ọmọ náà ló rí wa. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó rí alágbàfọ̀ kan tó ti fara ti òun gan-an níbi tí òun jókòó sí kó tó dìde.

Ó ní, "Kábíyèsí, àlejò pọ̀ ní ààfin yín."

Kábíyèsí ní, "Àlejò wo?"

Balógun ní, "Ọ̀kan fi orí lé tìmùtìmù yín."

Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ awò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti yọ tirẹ̀, á pariwo, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì yọ tirẹ̀ láti mọ ohun tó pariwo sí. Olóyè kan rí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin nìyí? Wọ́n ní ẹ ti padà sí ìlú yín." Ìyá náà ní, "Ẹ̀yìnkùlé yín ni mo wà."

Kábíyèsí ló yọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wò, ó wò. Ó rí Lámídì lórí ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Lámídì? Lámídì tó kọ́ ààfin yìí?"

Lámídì ní, "Kábíyèsí, èmi ni."

Ọba wo ibi tí ẹsẹ̀ náà ti parí, ó sì yí ojú kúrò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a fọ́ irin yẹn."

Àwọn ọmọkùnrin kan ti gbé òòlù. Àwẹ̀ró ló dìde, tó ní rárá. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ní kó máa bá yín wòran, ó sì ń wo ìwọ̀nba tó lè rí. Ó ń pín oúnjẹ dáadáa fún àwọn tó mọ̀, ẹ má jẹ́ kí ebi pa àwọn yẹn nítorí tiwa. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ̀yin fúnra yín máa jáde. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa yí po láràárọ̀ láìwọ awò, kó máa béèrè orúkọ ẹni tó bá rí níta. Kí a máa gbà á ṣe lọ́wọ́ ara wa, kó má di iṣẹ́ ẹnì kan. Kí ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sára ilẹ̀kùn."

Bí wọ́n ṣe fi í lélẹ̀ nìyẹn. Ọba fúnra rẹ̀ gba ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo tẹ̀lé e, ó rẹ̀ ẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ó parí àdúgbò náà. Orúkọ Mojírọ́lá padà sínú Amènìyàn, àmọ́ awò rẹ̀ kò padà sójú rẹ̀.

Mi ò ní í sọ fún yín pé gbogbo wọn ló yí padà. Nígbà tí mo fi máa kúrò, mo rí àwọn kan tó ti wọ awò wọn padà. Mo bi ọkùnrin kan ìdí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní láti fa awò náà yọ kí n tó lè bi í. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti pọ̀ jù. Mi ò lè máa rí gbogbo wọn kí n tún ráyè jẹun." Kò bínú. Ó gba awò rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì wọ̀ ọ́.

Ilẹ̀kùn ilé Àwẹ̀ró kò mọ̀ ọ́n síbẹ̀, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ń jiyàn lórí rẹ̀. Lámídì kò dúró dè wọ́n. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí n gbé èyí, kí n fọ́ tọ̀hún, a sì lu ògiri ẹ̀gbẹ́ kan, a fi ilẹ̀kùn pákó sí i. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ wọlé. Ọdún mẹ́fà. Ó dúró sáàárín yàrá, ó wo gbogbo rẹ̀, ó ní, "Eruku yìí pọ̀ o." Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún.

Mo gbéra lọ́jọ́ kejì. Mo gba inú igbó kọjá, mo ja ìjà mẹ́rin tí mo borí gbogbo wọn, n kò ní fi wọ́n dá yín dúró. Mo délé ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, mo sì gba iwájú pósófíìsì àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì níkòríta wa. Ọkùnrin kan wà ní ìloro rẹ̀. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Páálí ló ń tẹ́ sùn. Mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá fún ọdún mẹ́sàn-án, lálọ lábọ̀, mi ò sì wọ awò kankan.

Mo dúró. Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán. Kí ni orúkọ yín?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Sùnmọ́nù."

Mo ní yàrá kan lẹ́yìn ilé mi tí mò ń kó awọ ẹran sí. Mo kó awọ náà jáde. Ṣínmisọ́lá ìyàwó mi bínú sí mi fún ọjọ́ méjì, nítorí pálọ̀ ni mo kó wọn sí, kó tó wá ra ẹní tuntun fún ọkùnrin náà. Òun ló jókòó sídìí igi lọ́hùn-ún yẹn, tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé. Ẹ sún fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ sínú oòrùn.

Sùnmọ́nù, bá wọn sọ̀rọ̀. Báwo ni yàrá náà?

"Ó dára, bàbá. Àmọ́ òórùn awọ yẹn kò tíì lọ."

Mo ti sọ fún un pé kó máa ṣí fèrèsé.